Ẹjọ́ Ilẹ̀ Tí Kò Dé Ọwọ́ Olùjẹ́jọ́, Òkú Ẹjọ́ Ni



Ọ̀pọ̀ wa rò pé tí lọ́yà bá ti lè fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù gíga ní Ìkẹjà, a ti ṣe ọgbà yí ilẹ̀ wa ká nìyẹn. Rárá o! Tí ìwé ìpẹ̀jọ́ kò bá dé ọwọ́ ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́, adájọ́ kò lágbára lórí onítọ̀hún. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 1981, nínú ẹjọ́ Sken Consult àti Ukey. Ìwé ọ̀hún gan-an kì í pẹ́ láyé: oṣù 6 ni òfin kóòtù gíga Èkó fún un, àyàfi tí adájọ́ bá fi kún un.

Tí adájọ́ bá wá da irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nù, àwọn kan á ní wọ́n ti ta àwọn. Èmi ò gbà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa àgbẹ̀ sì ni ẹjọ́ tó sùn ń pa lára jù. Ta ló fẹ́ gbẹ́ kànga sórí ilẹ̀ tí wọ́n kọ "ó wà ní kóòtù" sí lára ògiri? Ẹni tó ń háyà ilẹ̀ gbin ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ò ní lè sanwó ọdún méjì sílẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ìdẹ́rùbà lásán ni wọ́n fi ẹjọ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n àánú ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lóòótọ́, tí lọ́yà rẹ̀ gbowó tó sùn lọ, ń ṣe mí. Ẹ má fọwọ́ lẹ́rán:

1. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín dé kóòtù, kí ẹ bèèrè bóyá akọ́dà ti búra pé ìwé dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́.

2. Tó bá ń sá pamọ́, kí lọ́yà tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ láti lẹ ìwé náà mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

3. Tí wọ́n bá yọ ẹjọ́ kúrò, ẹ tètè bi lọ́yà bóyá ẹ lè tún un pè. L'Ékòó, ẹni tó bá fi ẹlòmíràn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ ju ọdún 12 lọ lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní kóòtù kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹjọ́ lè kú, kí ìjà ṣì wà láàyè.

Oko á gbè wá o.