Ẹ wọn ìwé kí ẹ tó ya ṣáàtì: Etí tó há ló ń gé owó yín

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ló ti là lójú lásìkò yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ yá owó ní báǹkì, tàbí tí wọ́n fẹ́ jíṣẹ́ ọdún fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọn kì í gbé ìwé ìṣirò gbọọrọ nìkan dání mọ́. Wọ́n á ní kí ọmọ tó ń bá wọn tẹ kọ̀ǹpútà ya ọjà tí wọ́n tà lóṣooṣù sínú àwòrán tí gbogbo wa mọ̀ sí ṣáàtì. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ ohun tó ń kọ èmi lóminú ni pé púpọ̀ nínú àwọn ṣáàtì wọ̀nyí ni ojú kò lè kà. Àwọ̀ wọn á máa dán bí àrán, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ wọn á rí tín-ín-tìn-ín bí ẹyin iná, orúkọ oṣù á gun orí ara wọn, iye owó míì á sì ti gé sọnù létí ìwé.

Ẹ má fojú kékeré wo èyí tó gé sọnù yẹn o. Apá òsì ni wọ́n sábà máa ń to iye owó sí nínú ṣáàtì. Bí àyè ibẹ̀ bá há, iwájú nọ́ńbà ló máa ń gé, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo ₦12,500,000 tí ẹ fi òógùn ojú pa. Bí àmì náírà àti 1 tó ṣáájú bá ti bọ́ sí ẹ̀yìn etí ìwé, 2,500,000 ni ẹni tó ń kà á máa rí. Mílíọ̀nù 10 ti lọ nìyẹn, olè kò sì wọlé. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó ní fáìlì rẹpẹtẹ níwájú lè má ráyè pè yín láti bèèrè bóyá nǹkan kan gé. Bó bá tilẹ̀ fura, ohun tó máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ ni pé ẹni tí kò lè tọ́jú ojú ìwé kan ṣoṣo, ṣé yóò lè tọ́jú owó olówó?

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀yìn ni à ń ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Àwòrán là ń kọ́kọ́ yà kó kún gbogbo ojú ìwé, lẹ́yìn náà la óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí a máa fún ọ̀rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ télọ̀ kì í gé aṣọ kó tó wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n ti máa wo ṣáàtì náà ló yẹ ká kọ́kọ́ wọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, kí á mú ìwọ̀n lẹ́tà. Lẹ́yìn lẹ́tà, kí á fi àyè tó tó o sílẹ̀ létí. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni kí àwòrán máa lò.

Ọ̀rọ̀ ọjà ni ṣáàtì látilẹ̀wá. Ní ọdún 1786, William Playfair, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbé ìwé kan jáde nílùú London tó pe orúkọ rẹ̀ ní The Commercial and Political Atlas. Àwòrán ló fi ṣàlàyé ọjà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó wọlé àti èyí tó ń kó jáde. Nínú ìwé náà ló ti fi ṣáàtì onígi ṣe òwò ilẹ̀ Scotland pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ mìíràn láàárín ọdún 1780 sí 1781. Ńṣe ló dá àwọn igi náà dùbúlẹ̀, tó sì kọ orúkọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tirẹ̀, tí èèyàn lè kà á láì dorí kodò. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà o. Síbẹ̀, ó wá àyè fún orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Póìǹtì ni wọ́n fi ń wọn lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, póìǹtì 72 ló sì wà nínú ínǹṣì kan. Ìwé A4 tí à ń lò ní ọ́fíìsì fẹ̀ ní ínǹṣì 8 àti díẹ̀. Bí ẹ bá yọ ínǹṣì kọ̀ọ̀kan kúrò lọ́tùn-ún àti lósì, ínǹṣì 6 àti díẹ̀ ló kù fún ṣáàtì. Ká ní ọmọ yín wá ya ṣáàtì tó fẹ̀ ní ínǹṣì 12 lójú kọ̀ǹpútà, tó fi lẹ́tà póìǹtì 10 sí i. Á dùn ún kà lójú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bó bá gbé e sínú ìwé ẹ̀yáwó gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, tó sún un kì kó lè gba ínǹṣì 6, ìdajì ni ohun gbogbo máa dà. Póìǹtì 10 ti di 5 nìyẹn. Ẹni tó ń lo awò ojú pàápàá á gbé ìwé náà súnmọ́ imú. Lójú tèmi, lẹ́tà inú ṣáàtì kò gbọdọ̀ kéré sí póìǹtì 8 nígbà tó bá dé orí ìwé. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló máa kà á, 10 tàbí 11 ló yẹ ẹ́.

Nínú Excel, tí ọ̀pọ̀ yín ń lò, ọ̀nà àbáyọ kò le. Ẹ tẹ ara ṣáàtì náà, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ “Format” sí lókè, ẹ ó rí àpótí kékeré méjì lápá ọ̀tún tó ń sọ bó ṣe ga tó àti bó ṣe fẹ̀ tó. Ìwọ̀n tó máa ní lórí ìwé gan-an ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kó má baà sí pé ẹnikẹ́ni tún ń sún un kì lẹ́yìn náà. Ẹ wá tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ lọ sí “Home”, kí ẹ yan ìwọ̀n lẹ́tà. Excel ayé òde òní sábà máa ń fi póìǹtì 9 sí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́, á sì fi 14 sí àkọlé. Ìdí nìyẹn tí àkọlé fi ń pariwo, tí nọ́ńbà sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ dín ti àkọlé kù, kí ẹ fi kún ti nọ́ńbà. Tó bá wá ku àyè etí, ẹ tẹ àárín àwòrán níbi tí àwọn igi tàbí ìlà wà, àwọn àmì róbótó máa yọ yí i ká. Ẹ di ti apá òsì mú, kí ẹ fà á wọlé díẹ̀, kí nọ́ńbà lè rí ibi mí.

Àwọn kan nínú yín ní ọmọ tàbí akọ̀wé owó tó gbọ́ Python tàbí R. Wọ́n lè sọ fún yín pé tiwọn ga ju Excel lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro yìí kan náà ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Matplotlib, tí wọ́n fi ń ya ṣáàtì nínú Python, máa ń ya àwòrán tó fẹ̀ ní ínǹṣì 6.4 bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan míì fún un. Ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ń fi sílẹ̀ lápá òsì, ìyẹn ínǹṣì 0.8. Lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ póìǹtì 10. Bí ẹ bá wá kọ ₦12,500,000 pérépéré ní póìǹtì 10, ó fẹ́ẹ̀ gba ínǹṣì 0.9 fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó, ohun tó tóbi ju àpò lọ, ṣé ó lè wọ inú rẹ̀ tán? Kí ọmọ náà lo “constrained layout”, òun ló ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó pín àyè.

Ti R yàtọ̀ díẹ̀. Ìlà ọ̀rọ̀ ló fi ń ka àyè etí: 5.1 nísàlẹ̀, 4.1 lósì, 4.1 lókè, 2.1 lọ́tùn-ún. Bí wọ́n bá ní kí nọ́ńbà apá òsì dùbúlẹ̀ kó lè rọrùn láti kà, 4.1 kò lè gba iye owó gígùn, ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di bíi 7. Àmọ́ bí wọ́n bá fi kún etí jù lórí àwòrán tó kéré, R á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á sì kọ ọ́ síta pé “figure margins too large”. Inú máa ń bí àwọn ọmọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi rò pé ọ̀rẹ́ olóòótọ́ ni R nínú rẹ̀, nítorí ó sọ lójú yín pé etí ti jẹ àwòrán tán. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe pé kí wọ́n kàn gé etí dànù, ìwọ̀n àwòrán ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò ní gbà yín láyè rárá: ẹ dín ọ̀rọ̀ kù. Kò sí ìdí láti to òdo rẹpẹtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàtì. Ẹ kọ 12.5, kí ẹ sì kọ ọ́ sókè pé mílíọ̀nù náírà ni. Excel ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, “Display units” ni wọ́n pè é. Bí orúkọ ọjà yín bá gùn, irú bíi gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀wà olóyin àti èlùbọ́ iṣu, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ dá àwọn igi dùbúlẹ̀ bíi ti Playfair, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lósì. Ẹ tún ṣọ́ra fún àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà Yorùbá. Bí lẹ́tà bá kéré jù, àmì ló kọ́kọ́ ń pòórá, ẹni tó kọ ọkọ́ sì lè bá ọkọ̀ tàbí ọkọ nínú ìwé rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní àyè funfun létí ìwé, ìwé ni à ń fi ṣòfò, àti pé bí àwòrán bá ṣe tóbi tó ni iṣẹ́ wa ṣe máa jọ ńlá tó. N kò gbà. Àyè yẹn ló ń jẹ́ kí àwòrán sọ̀rọ̀. Igi gíga tí kò ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, igi lásán ni. Àwọn mìíràn á ní kọ̀ǹpútà ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá ìwé A4 lẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí, tàbí ògiri ṣọ́ọ̀bù, tàbí ojú fóònù. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ti fóònù yìí ṣe pàtàkì, torí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ fi ń ránṣẹ́ sí oníbàárà àti alájọṣe lónìí. Ojú fóònù tí a gbé dúró kì í sábà fẹ̀ tó ínǹṣì 3. Ṣáàtì oní-ínǹṣì 6 tó ní lẹ́tà póìǹtì 10 kò ní ju póìǹtì 5 lọ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ ya ti fóònù lọ́tọ̀, kí ẹ jẹ́ kó fẹ̀ ní ìwọ̀nba, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi dáadáa. Èyí tí ẹ fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ síta, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi PDF, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, lẹ́tà á sì máa ṣú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó san owó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni rèé. Ẹ tẹ ṣáàtì náà jáde lórí ìwé tó máa lò gan-an. Ẹ fún ẹnì kan tó ti lé ní 50 ọdún, kó nà án sí ọ̀ọ́kán bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ẹ ní kó ka iye owó tó ga jù àti oṣù tó kẹ́yìn fún yín. Bó bá kà á geere, iṣẹ́ ti parí. Bó bá ń fojú wá a, ẹ dá a padà fún ẹni tó yà á, kó lọ fi kún lẹ́tà àti etí. Ẹ̀yin lẹ ni owó, ẹ má jẹ́ kí etí ìwé gé e.