Ẹ Má Tìtorí Eku Dáná Sun Ilé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á fi oníṣòwò kan ní Cow Lane, nílùú Accra, ṣe àpẹẹrẹ. Inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó wà. Nígbà tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, òun náà bọ́ sórí Windows 11. Láti ìgbà náà, fáìlì kọ̀, kò ṣí. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó tì o! A kì í tìtorí eku dáná sun ilé.

Ẹ kọ́kọ́ da àkọsílẹ̀ yín kọ sórí fúláàṣì. Èyí tí ẹ kò bá rí, ẹ wá a nínú Windows.old kíá, lẹ́yìn ọjọ́ 10, ẹ̀rọ a máa pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ògbólógbòó sọ́fítíwíà tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì kúrò. Ìgbà mìíràn wà tí kì í bá Windows tuntun mu, tí yóò sì di fáìlì mọ́lẹ̀. Inú Settings, níbi Apps, ni ẹ ó ti yọ ọ́. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ lo irinṣẹ́ ìyọkúrò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbé jáde, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún un tàn. Ẹ̀ṣọ́ inú Windows, Microsoft Defender, yóò gbaṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀ṣọ́ mìíràn kún un. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan.

Níkẹyìn, ẹ ṣí Command Prompt lọ́nà Run as administrator, kí ẹ tẹ sfc /scannow. Fáìlì Windows nìkan ni yóò tún ṣe, kò lè tún ìwé gbèsè yín ṣe. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ kọ́kọ́ dà á kọ.