Ìpẹtà Ara Dísìkì Bíréèkì



Àwa kì í ṣe atọ́kọ̀ṣe. Iṣẹ́ ìwé ni a kọ́, gègé àti tádàwà ni ó sì mọ́ wa lọ́wọ́ jù. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilé wa ní Ṣakí níhìn-ín, tí kò yẹ kí a fi pamọ́ fún yín, nítorí a mọ̀ pé ilé tí irú rẹ̀ ti lè ṣẹlẹ̀ pọ̀ ní gbogbo Òkè-Ògún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì wá díẹ̀ láti sọ ọ́.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, tí owó lítà kan sì fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ, àwa àti ìyàwó wa jókòó, a ṣírò, a sì rí i pé owó oṣù akọ̀wé kò lè gbọ́ bùkátà ilé kí ó sì tún bọ́ ọkọ̀. A gbé ọkọ̀ náà sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ igi máńgòrò, lórí koríko, a fa bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ le dan-in-dan-in, a sì ń fi ẹsẹ̀ rìn. Òjò ọdún náà rọ̀ lé e lórí títí ó fi dá. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí a ń múra àti lọ ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Ìsẹ́yìn, ọmọkùnrin wa tí ó ti ilé ìwé gíga dé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sì kígbe pé, “Bàbá, ẹ wá wò ó! Dísìkì ti dógùn-ún, ó pọ́n bí osùn.”

Ọmọ náà kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mọ ohun tí bàbá wa tí ó jẹ́ àgbẹ̀ máa ń ṣe sí àdá kí ìpáàrà má baà jẹ ẹ́: epo ni ó fi ń pa á lára. Ó mú ọ́ìlì dúdú tí a ti yọ nínú ẹ́ńjìnnì, ó fi àkísà kùn ún sí ara dísìkì iwájú méjèèjì tinú tẹ̀yìn, títí wọ́n fi ń dán. A rí i, a sì yìn ín. Níbẹ̀ gan-an ni ojú ti ń tì wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a fẹ́ wa ọkọ̀ náà jáde. Lákọ̀ọ́kọ́ kò fẹ́ kúrò lójú kan, nítorí bíréèkì ẹ̀yìn ti lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó já pẹ̀lú ariwo ńlá, ó sì ń lọ. Ilé wa wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ọ̀pọ̀ ilé ti wà ní ìlú tí òkè Aṣàbàrí ń ṣọ́ yìí. A tẹ bíréèkì. Ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró. Ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ aládùúgbò wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé garawa omi kọjá níwájú wa ni. Òkìtì yanrìn tí ẹnìkan kó kalẹ̀ láti fi kọ́lé ni ó gbà wá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kọ́ wa lẹ́yìn ìgbà náà. Dísìkì ni àwo irin pẹrẹsẹ tí ó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Bí a bá tẹ bíréèkì, páàdì méjì a fún un mọ́ àárín, gbígbo tí wọ́n ń gbo ara wọn ni ó sì ń dá ọkọ̀ dúró. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Frederick Lanchester ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1902, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ayé tó kà á sí. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ Jaguar tí ó lò ó borí nínú eré ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 1953 ni òkìkí rẹ̀ tó kàn. Àdá tí a fi epo pa kò pàdánù ohunkóhun. Dísìkì tí a fi epo pa ti pàdánù gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, nítorí epo kì í jẹ́ kí nǹkan gbo ara wọn.

Bóyá ẹnìkan yóò béèrè pé, kí ni ó dé tí a kò fi irin tí kì í dípẹtà ṣe é, bí ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí dísìkì wọn ń dán lójò lẹ́ẹ̀rùn? Àwa náà béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọkọ̀ wúwo, ooru bíréèkì rẹ̀ sì pọ̀ gidigidi. Irin tí a yọ́ dà, èyí tí a fi ń ṣe dísìkì ọkọ̀, a máa gba ooru náà kí ó sì tú u dànù kánkán ju irin tí kì í dípẹtà lọ, owó rẹ̀ kò sì wọ́n tó tirẹ̀. Ọ̀kadà fúyẹ́, ooru tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti bá irin yìí pàdé, ìpẹtà yóò yọ. Bí òjò bá pa ọkọ̀ lóru, tàbí bí a bá fọ̀ ọ́ tí a sì gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kan náà, ẹ ó rí àwọ̀ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní òwúrọ̀. Ẹ má fòyà. Ẹ rọra wà á, kí ẹ tẹ bíréèkì ní ìwọ̀n ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Páàdì yóò ha á kúrò.

Èyí tí ó jókòó fún oṣù púpọ̀ yàtọ̀. Irú ìpẹtà bẹ́ẹ̀ a máa gbẹ́ ihò sí ojú dísìkì, a máa so páàdì mọ́ ọn, ẹsẹ̀ awakọ̀ a sì máa gbọ̀n nígbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́. Lára dísìkì ni a tẹ iye mìlímítà tí kò gbọ́dọ̀ fi tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ sí, pẹ̀lú àmì MIN TH. Bí ó bá ti dín sí iye náà, kí a jù ú nù, kí a sì pààrọ̀ méjèèjì, tọ̀tún tòsì. Ẹni tí ń ra tòkunbọ̀ ní láti ṣọ́ra jù, nítorí ní ilẹ̀ Òyìnbó, wọn a máa da iyọ̀ sí ojú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa mú kí irin tètè dípẹtà. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ti Kútọnu gba orí ilẹ̀ wọ Òkè-Ògún, kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin dè é ní oṣù kìíní ọdún 2017, ṣì ń rìn láàárín wa. Ẹ wo àárín àwo méjèèjì níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń sá pamọ́ sí.

Atọ́kọ̀ṣe kan tí a kì yóò dárúkọ sọ fún wa pé kí a fi bẹntiróòlù nu dísìkì wa, kí a sì máa lo páàdì àtijọ́ náà lọ. A kọ̀. Páàdì tí ó ti mu epo kò ṣeé fọ̀. Ẹlòmíràn tí ó mọ iṣẹ́ wọn dísìkì wa, ó rí i pé ọ̀kan ti tín-ín-rín jù, a sì ra méjì tuntun pẹ̀lú páàdì wọn. Nígbà tí a tú wọn nínú páálí, epo wà lára wọn! Ọmọ wa wò wá, kò sọ̀rọ̀. Atọ́kọ̀ṣe náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tí ó ṣe é ni ó fi epo pa á kí ó má baà dípẹtà nínú páálí, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dè é mọ́ ọkọ̀ láìfọ epo náà kúrò. Ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ. Ó sì fi sáńpépà ha ìpẹtà ojú ibi tí dísìkì yóò jókòó sí, nítorí bí kò bá jókòó dáadáa, ọwọ́ ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n. (Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ eruku páàdì, ti àtijọ́ mìíràn ní asbestos nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún.)

Ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ó má gbé e sórí koríko. Kí ó kọ́kọ́ wà á kí ó sì tẹ bíréèkì títí dísìkì yóò fi gbẹ. Kí ó fi òkúta dí táyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí ó sì tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Kí ó sì máa wà á jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọmọ wa ni ó ń ṣe èyí ní ilé wa nísinsìnyí, nígbàkúùgbà tí ó bá wà ní ìsinmi.

Ó ku ohun kan tí a fò nínú ìtàn náà. Ní ọjọ́ tí òkìtì yanrìn gbà wá, ọmọ wa kò jẹun. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, àwa àti òun lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ọmọbìnrin tí ó gbé garawa, nítorí a kò fẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ wa dọ̀bálẹ̀. A sọ fún ìyá náà pé àwa ni a rí epo náà tí a sì yìn ín, kí ó má ṣe di ẹ̀bi náà ru ọmọ. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ rẹ̀ kí ó wá bu omi fún wa mu, nínú garawa náà.