Ẹ Jẹ́ Ká Wọ̀n Ọ́n Ká Tó Dè É: Lẹ́tà sí Àwọn Ọ̀gá Mẹkáníìkì Sakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì ọkọ̀ ní Sakẹ́tẹ́, ní Pọ́bẹ̀ àti ní gbogbo agbègbè wa,

Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi lè bá yín sọ ọ́ láìfi bò. Àwọn kan nínú wa ń jó gíà inú dífúrẹ́ńṣà pọ̀ kí ọkọ̀ lè jáde nínú ẹrẹ̀. Àwọn mìíràn ń de lọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ sí dífúrẹ́ńṣà, èyí tí oníbàárà fi owó gọbọi rà, ṣùgbọ́n ojú àti etí ni wọ́n fi ń dè é, wọn kì í wọn ohunkóhun. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé lọ́ọ̀kì tí ọkọ̀ bá gbé wá láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń gé wáyà rẹ̀ dànù. Mo ń bẹ̀ yín pé kí a jáwọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orísun kan ni wọ́n ní: a ti sọ iṣẹ́ òdiwọ̀n di iṣẹ́ agbára.

Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ilẹ̀ wa kò nílò lọ́ọ̀kì. Ilẹ̀ pupa ló wà lókè Sakẹ́tẹ́ níbí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lé e, kò sí táyà tí kì í yọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti Pọ́bẹ̀ síhà Ìsàbà, amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí lẹ máa bá pàdé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ yẹn máa ń sán gbàgà débi tí ẹsẹ̀ lè há sí i. Bí òjò bá dé, á wú, á lẹ̀ mọ́ táyà títí ojú táyà á fi dí pátápátá. Ó wà lára ohun tó mú kí àtiṣẹ́gun àwọn Ọ̀họ̀rí ṣòro fún àwọn ọmọ ogun Faransé nígbà ọ̀tẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Inú rẹ̀ náà ni ọkọ̀ tó ń kó èyìn jáde nínú oko ọ̀pẹ ń gbà lónìí, òun ni ọkọ̀ tó ń kó àgbàdo lọ sọ́jà ń gbà, òun náà sì ni ọkọ̀ tó ń gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn ń gbà lóru.

Ẹ̀yin mọ bí dífúrẹ́ńṣà ṣe ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mo fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tó bá ń ka lẹ́tà yìí bá wa lọ. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí táyà ìta ń rìn gùn ju ti táyà inú lọ. Dífúrẹ́ńṣà ló ń jẹ́ kí ọ̀kan lè sáré ju èkejì. Oníṣẹ́ aago ni Onésiphore Pecqueur, ará Faransé tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Àléébù kan tí dífúrẹ́ńṣà ní ni pé ìwọ̀n agbára kan náà ló ń fún táyà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, tí kò rí ohun dì mú, agbára díẹ̀ ló tó láti mú un máa pòòyì. Agbára díẹ̀ yẹn náà ló máa dé ọ̀dọ̀ èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle, kò sì lè fi gbé ọkọ̀. Lọ́ọ̀kì ló ń so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ yí, nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ àti fún ìwọ̀nba ìgbà tó bá fẹ́.

Dífúrẹ́ńṣà tí a jó pọ̀ kò mọ ìgbà tí awakọ̀ fẹ́. Ó ti tì pa. Nínú oko, oníbàárà á yìn yín, á ní ọkọ̀ òun ti di tirakítọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́la, ọkọ̀ kan náà máa gun ọ̀dà lọ sí Àjàṣẹ́. Ní gbogbo kọ́nà, ọ̀kan nínú táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fara gbo ọ̀dà, ṣáfúútù méjèèjì, irin tó ń yí táyà, á sì máa lọ́ ara wọn. Bí òjò bá ti mú ojú ọ̀nà tutù, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin gíà náà tún wà níbẹ̀: ilé iṣẹ́ ti fi iná sọ ọ́ di líle, iná wẹ́dà á sì ba líle yẹn jẹ́, á fi ìlà tín-ín-rín tí ojú kò lè rí sára rẹ̀. Ọjọ́ tí ègé kan bá já lára rẹ̀, àárín kọ̀rọ́ńwíìlì, ìyẹn gíà ńlá, àti píníọ̀n, gíà kékeré tó ń yí i, ló ń bọ́ sí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ṣáfúútù. Lára Hilux, ṣáfúútù ẹ̀yìn kì í kàn yí táyà lásán, òun náà ló ru ẹrù táyà ọ̀hún. Bó bá ṣẹ́ nítòsí táyà, táyà lè bọ́ jáde lórí eré. Ẹ wo ọkọ̀ bàṣé tó kó èyìn kún dẹ́nu, tí àwọn ìyá wa tún jókòó lé e lórí. Ta ló máa lọ ṣàlàyé fún àwọn ẹbí wọn pé nítorí kí iṣẹ́ lè yá la ṣe jó o pọ̀?

Lọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ ni ìdáhùn gidi sí ìṣòro yìí. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí tí a bá bà á jẹ́ níbi tí a ti ń dè é. Ilé iṣẹ́ ARB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1975, ló mú kó tàn káàkiri ayé láti àwọn ọdún 1980. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré kan ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó nǹkan bí 7 bar. Awakọ̀ á tẹ bọ́tìnì, fáàfù á ṣí, afẹ́fẹ́ á gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wọ dífúrẹ́ńṣà, á ti písítìn, eyín irin á wọnú ara wọn, ṣáfúútù méjèèjì á sì máa yí bí ẹyọ kan. Bó bá pa bọ́tìnì, afẹ́fẹ́ á jáde, sípíríǹgì á dá a padà, ọkọ̀ á sì máa yà bó ṣe yẹ lórí ọ̀dà.

Ohun tó gbéṣẹ́ tó yìí kò ní wúlò bí ọwọ́ tó dè é kò bá wọn nǹkan. Kí a tó lè fi í sí i, kọ̀rọ́ńwíìlì gbọ́dọ̀ kúrò lára ilé rẹ̀ àtijọ́, kó bọ́ sára tuntun. Àlàfo àárín eyín rẹ̀ àti ti píníọ̀n ti yí padà nìyẹn. Lára dífúrẹ́ńṣà 8 íǹṣì ti Toyota, èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Hilux tí a ń tún ṣe, àlàfo náà gbọ́dọ̀ wà láàrin 0.13 sí 0.18 milimita. Àyè tí Toyota fún wa láti ṣìnà kò ju 0.05 milimita lọ. Irun orí ènìyàn sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ èyí nípa kó kàn mi kọ̀rọ́ńwíìlì síwá sẹ́yìn, bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Gẹ́ẹ̀jì olójú aago ló lè sọ ọ́. Bí àlàfo bá kéré jù, eyín á gbóná, á máa jẹ ara wọn. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á máa gbá ara wọn títí ọ̀kan á fi kán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi pẹ́ǹtì kun eyín mélòó kan, ẹ yí i, kí ẹ wo ibi tí eyín ti ń kan eyín. Bí àmì náà bá sún mọ́ etí dípò àárín, iṣẹ́ kò tíì parí.

Wọ́n gbé Hilux kan wá sọ́dọ̀ mi tí lọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́ rárá. Ẹ̀sùn tí awakọ̀ fi kàn án ni pé kì í tì mọ́. Mo wo ẹnu fáàfù níbi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ nìkan máa gbà jáde, ọ́ìlì gíà ló ń kán níbẹ̀. Kí n tó tú u ni mo ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti rí ọ̀nà wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì náà sì ti rí ọ̀nà gun páìpù. Rọ́bà róbótó méjì tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ti gé: ẹni tó fi wọ́n sí i kò fi ọ́ìlì pa wọ́n, ó kàn fi agbára tì wọ́n wọlé ni. Páìpù kọ́pà inú rẹ̀ ń kan kọ̀rọ́ńwíìlì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti gbo títí ó fi lu. Nísàlẹ̀ ilé ásù, irin tó gbé dífúrẹ́ńṣà àti ṣáfúútù sínú, èérún irin tí wọ́n mú jáde nígbà tí wọ́n ń dá ihò páìpù ṣì wà nínú ọ́ìlì, ó ń dán yanran. Bíárìn tuntun ti gba èérún náà mì, ojú rẹ̀ ti ha yánnayànna. Owó ńlá ló run síbẹ̀, láìsí àbùkù kankan lára ohun tí oníbàárà rà.

Àwọn àgbà ní bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ẹni tó bá fẹ́ dá ihò sí ilé ásù, kó dá a sókè, níbi tí ọ́ìlì kò dé. Kó fi girisi kun ẹnu irin tó fi ń lu ihò kó lè gbá èérún mọ́ra, kó fi mágínẹ́ẹ̀tì kó ìyókù, kó sì fi kẹrosíìnì fọ inú ilé náà títí aṣọ funfun tó bá fi nù ún á fi jáde ní mímọ́. Kí dífúrẹ́ńṣà tó padà sábẹ́ ọkọ̀, kó fún un ní afẹ́fẹ́ lórí tábìlì, kó fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù. Bí ìfófó bá yọ, kó tú u. Páìpù ìta kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì, ó sì gbọ́dọ̀ gùn tó láti bá ásù lọ sókè sódò. Páìpù tí ásù fi ń mí náà, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ ga. Ásù gbígbóná tó bá bọ́ sínú omi tútù máa ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Bí ẹnu páìpù bá wà nínú omi, omi ló máa fà.

Ní ti lọ́ọ̀kì tí ọkọ̀ bá gbé wá láti ilé iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e mọ́. Ọ̀pọ̀ Land Cruiser àti Hilux tó ń gba Kútọnu wọlé ló ní lọ́ọ̀kì oníná lẹ́yìn. Àìlò ló sábà máa ń pa á: mọ́tò kékeré tó ń tì í á dógùn-ún, á há. Bí a bá tú mọ́tò yẹn, tí a fọ̀ ọ́, tí a tún wáyà rẹ̀ so, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń jí, oníbàárà kò sì ní nílò láti ra nǹkan kan. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bíi irú èyí tó ń kó símẹ́ńtì ní Onígbòló sábà máa ń ní lọ́ọ̀kì tó ń lo afẹ́fẹ́, láti ara kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan náà tó ń bọ́ bíréèkì. Bí páìpù rẹ̀ bá ń jò, ẹ wá ibi tó ti ń jò, ẹ dí i bó ṣe yẹ. Bóòtù tí a fi dí ẹnu páìpù kì í ṣe àtúnṣe.

Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín máa sọ: oníbàárà kò lówó, àwa náà kò ní irinṣẹ́. Òtítọ́ ni. Ẹni tí kò lówó lọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́, ẹ má jó gíà rẹ̀ pọ̀. Ẹ gbà á nímọ̀ràn kó ra táyà ẹrẹ̀ tó dára, kó dín afẹ́fẹ́ táyà kù bó bá fẹ́ wọ ẹrẹ̀, kó sì tún un fún kó tó gun ọ̀dà. Kó ní okùn ìfà, ṣọ́bìrì àti pákó nínú ọkọ̀. Ní ti irinṣẹ́, àjọ àwa mẹkáníìkì ń dá owó fún ìnáwó àti ìsìnkú. Ó lè dá owó gẹ́ẹ̀jì kan àti sípánà kan tó ń wọn agbára tí a fi ń di bóòtù mú. Kí wọ́n wà lọ́dọ̀ akápò, kí ẹni tó bá níṣẹ́ lọ yá wọn, kó sì dá wọn padà. Owó dífúrẹ́ńṣà kan ṣoṣo tí a bá bà jẹ́ ju owó wọn lọ.

Ẹ má sì fi awakọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì tí kò mọ̀ lò. Ẹ bá a wọ ọkọ̀. Ẹ kọ́ ọ pé kó tẹ̀ ẹ́ kó tó wọ ẹrẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó ń rìn jẹ́jẹ́, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà bá ń pòòyì lọ́wọ́. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá ní lọ́ọ̀kì, tẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ tì, nítorí bí tiwájú bá tì, sítíarì á le. Kó pa á kó tó dé orí ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ló wà lọ́kàn mi jù. Lọ́jọ́ líbérásíọ̀n, tí ọmọ iṣẹ́ ń gba òmìnira, ìlù á dún, aṣọ ẹbí á kún ojúde, ọmọ á kúnlẹ̀, a ó sì gbàdúrà lé e lórí. Bí ọmọ náà kò bá di gẹ́ẹ̀jì mú rí, tí kò lè sọ iye àlàfo tó yẹ kó wà nínú dífúrẹ́ńṣà kan, ìwà tiwa la fi lé e lọ́wọ́, òun náà á sì fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti gbé ìwé ẹ̀rí CQM àti CQP kalẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn dán ọmọ wò níbẹ̀, ẹ gbé dífúrẹ́ńṣà kan lé orí tábìlì níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ fún un pé kó wọ̀n ọ́n, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju mẹ́ta lọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú àjọ wa má ṣe jó gíà dífúrẹ́ńṣà pọ̀ fún ọkọ̀ tó máa gun ọ̀dà. Kí gbogbo ẹni tó bá de lọ́ọ̀kì kọ òdiwọ̀n tó rí sínú ìwé, kó fún oníbàárà lẹ́dà kan. Kí àjọ sì ra irinṣẹ́ tí mo sọ yẹn kí òjò àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú èsì yín wá sí ìpàdé àjọ wa. Èmi á gbé gẹ́ẹ̀jì tèmi àti orí dífúrẹ́ńṣà kan wá. Ọ̀gá tàbí ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, màá kọ́ ọ, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ẹlẹgbẹ́ yín,
mẹkáníìkì kan ní Sakẹ́tẹ́ Kìíní.