Ìbẹ̀rù Ẹgba Kọ́ Ni Ìwà

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá, bí olùkọ́ bá jáde kúrò ní kíláàsì fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ariwo á sọ. Bí ìró bàtà rẹ̀ bá tún dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Àwọn kan a máa pe ìdákẹ́jẹ́ yìí ní ìwà rere. Àṣìṣe gbáà ni. Ìbẹ̀rù ni, ìbẹ̀rù kì í sì í kọjá ibi tí ojú ẹlẹ́gba bá mọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sí kíláàsì. Ọmọ tí a fi ẹgba nìkan tọ́ ni yóò di akápò lọ́la, òun ni yóò di ọlọ́pàá, òun ni yóò di alámòójútó ìdánwò. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí kan ṣoṣo tí ó mọ̀ fún àìjalè ni pé wọn yóò mú òun, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tí ó bá dá a lójú pé kò sí ẹni tí yóò mú òun?

Ní ọdún 1932, Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gbé ìwé kan jáde lórí bí ọmọdé ṣe ń dá ẹjọ́ ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́. Ó sọ ìtàn ọmọ méjì fún àwọn ọmọdé. Èkíní ṣílẹ̀kùn láìmọ̀ pé ife wà lẹ́yìn rẹ̀; ife 15 fọ́. Èkejì gun àga nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé, kí ó lè jí ohun dídùn jẹ. Ife kan péré bọ́, ó sì fọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ló sọ pé ẹni tí ó fọ́ ife 15 ló jẹ̀bi jù. Àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ ló ń béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ tí ó bá na gbogbo ẹni tí ó pẹ́ dé bákan náà, àti ẹni tí ó ń ṣeré lọ́nà àti ẹni tí ó kọ́kọ́ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, ife ni òun náà ṣì ń kà.

Lawrence Kohlberg, ará Amẹ́ríkà, mú iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú ní ọdún 1958, nínú ìwádìí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago. Ó gbé ìtàn Heinz síwájú àwọn ọmọkùnrin 72 tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 10, 13 àti 16. Àrùn jẹjẹrẹ fẹ́ pa ìyàwó Heinz. Apòògùn kan ní oògùn tí ó lè wò ó, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́wàá iye tí ó ná an ni ó ń tà á. Heinz yáwó káàkiri, ìdajì ló rí. Apòògùn kọ̀ jálẹ̀. Heinz fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó jí oògùn náà. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Bóyá ọmọ dáhùn pé ó tọ́ tàbí kò tọ́ kọ́ ni Kohlberg ń wá. Ìdí tí ó fi dáhùn bẹ́ẹ̀ ni.

Inú àwọn ìdí yìí ló ti rí ìpele mẹ́fà, tí ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ìsàlẹ̀, ìyà àti èrè ni ènìyàn ń wò. Ní àárín, ó ń wo orúkọ rere lójú ẹbí àti ará, lẹ́yìn náà òfin ìlú. Ní òkè, ó ń béèrè bóyá òfin náà gan-an bá ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn mu.

Àwọn kan yóò ní ọgbọ́n òyìnbó nìyí. Kí wọ́n fetí sí òwe ara wọn. “Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun”: ìbẹ̀rù ìmúni ló wà níbẹ̀. “Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe”: orúkọ ilé ló wà níbẹ̀. “Ẹni tí yóò fi ọ̀pá gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò”: níhìn-ín, kò sí ọlọ́pàá, kò sí ẹbí, kò sí òfin. Ìrora ẹlòmíràn ni òṣùwọ̀n, àní bí ẹlòmíràn náà tilẹ̀ jẹ́ ẹyẹ tí kò lè fẹjọ́ sùn. Ọgbọ́n òkè wà nínú èdè Yorùbá. Ti ìsàlẹ̀ ni ilé àti ilé ẹ̀kọ́ ń lò jù.

Iṣẹ́ Kohlberg ní àlébù. Carol Gilligan sọ ní ọdún 1982 pé ọkùnrin nìkan ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n, tí ó sì fojú kéré ìrònú tí ó dá lórí ìtọ́jú ẹlòmíràn. Ní ọdún 1985, John Snarey yẹ ìwádìí 45 láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wò, ó sì rí i pé òṣùwọ̀n náà kò gbé ìrònú gíga àwọn ènìyàn tí ń fi àwùjọ ṣáájú yọ dáadáa. Òótọ́ ni méjèèjì. Kò sí èyí tí ó dá ẹgba láre nínú wọn.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a fi ọmọ sílẹ̀, pé bí ó bá dàgbà, yóò gbọ́n. Kohlberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1983. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà tán, àárín ni wọ́n dúró sí. Ewú orí kì í gbé ènìyàn gun àkàbà.

Kí ló wá ń gbé e gùn ún? Ní ọdún 1975, Moshe Blatt àti Kohlberg fi hàn pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń jíròrò irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, tí wọ́n ń gbọ́ ìdí tí ó ga ju tiwọn lọ, ìrònú ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa gòkè. Ìtàn àti ìbéèrè ni irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ilé tí kò ní àlọ́ ìjàpá. Ṣùgbọ́n bí àlọ́ bá parí, ìdáhùn àkọ́sórí ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọmọ: “kò dára kí á máa jalè.” Kí ló dé tí kò dára? Bí ebi bá ń pa ìjàpá, tí ọkà sì ń jẹrà nínú àká ẹlòmíràn ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń pa ìwé dé.

Wọ́n ní ìbéèrè ń sọ ọmọ di aláfojúdi. Ọmọ lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ó sì béèrè ìdí. Ẹ wo màgòmágó ìdánwò: òbí sanwó, olùkọ́ kọ ìdáhùn sójú pátákó, ọmọ dà á kọ. Kò sí ẹni tí kò mọ òfin nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí ni ẹni tí ọ̀pá náà ń gún: ọmọ aláìní tí ó fi òru kàwé, tí ẹlòmíràn gba àyè rẹ̀ ní yunifásítì, aláìsàn tí nọ́ọ̀sì tí kò kàwé yóò fún ní abẹ́rẹ́ lọ́la.

Lóòótọ́, ẹni tí ó mọ ìdí lè ṣe búburú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìdí kankan ju ẹgba lọ kò ní ohun tí yóò dá a dúró nígbà tí ẹlẹ́gba bá sùn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí òun tọ́ nínú méjèèjì, kí ó jáde kúrò ní kíláàsì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé, kí ó tẹ́tí.