Ta Ni Ó Ni Òkú Ọ̀run?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí á wo ilé kí á tó bọ òkú. Yorùbá kò gbà pé òkú parí nígbà tí ó bá wọ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìlú fi ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ti lọ.

Ní Ìkòròdú, Orò ni. Nígbà tí ó bá ń ké, a gbà pé ohùn àwọn baba ńlá ni ó ń dún, a sì ń ṣe ètùtù kí ibi má wọ ìlú. Obìnrin kì í rí i. Nítorí náà, kónílé-ó-gbélé ni fún gbogbo obìnrin.

Ọ̀nà mìíràn ni Ẹ̀pẹ́ gbà. Ní ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jókòó. Lẹ́yìn Iléyá ni àwọn ọmọ wọn ń ṣe Káyó-káyó ní ìrántí ìrìn àjò náà: àdúrà, aṣọ ẹgbẹ́, oúnjẹ àjẹyó, tọkùnrin tobìnrin.

Èmi kò sọ pé kí Ìkòròdú sọ Orò di Káyó-káyó. Orin ilé kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìbéèrè mi ni pé, ta ni ó ni òkú? Ṣé kò sí ìyá nínú àwọn tí à ń bọ?

Ẹ jẹ́ kí á ya awo sọ́tọ̀ kúrò lára kónílé-ó-gbélé ọ̀sán. Awo jẹ́ ti awo. Inú igbó Orò àti òru gbà á láìku síbì kan. Ìkòròdú àtijọ́ jẹ́ ìlú àgbẹ̀ àti apẹja, tí obìnrin lè fi ọjọ́ kan jókòó sílé. Ti òní kún fún ilé-iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti àlejò láti ibi gbogbo. Aboyún tí ọmọ mú, nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ ń dúró dè, ìyá tí ó ń jẹ láti inú àtẹ ọjọ́ náà: èwo ni kí ó ṣe?

Àwọn kan yóò ní òfin ìlú kọ́ ni yóò pàṣẹ fún Orò. Òótọ́ ni pé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 38, fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 41 òfin kan náà ní kí ọmọ orílẹ̀-èdè máa rìn fàlàlà. Apá kan kò gbọdọ̀ gbé èkejì mì.

Àbá mi ni pé kí Ọba àti àwọn Òṣùgbó fi Orò sí ààrin òru títí di ìdájí, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ṣáájú. Ohùn Orò kò ní dínkù; òru ni ohùn ń dún jìnnà jù. Bàbá rere kì í sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin jìyà ní orúkọ òun.