Ẹnu Dùn Ún Ròfọ́

Àwọn àgbà ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹnu náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà sì fi ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ a kọ àyẹ̀wò sí ojú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ a dà á kọ, igò àti òṣùwọ̀n a sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títì títí ìdánwò WAEC yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì kan náà ni olùkọ́ ń fọ̀: ohun èlò kò tó.

Èsì náà kò tọ́. Ní ọdún 1924, Raymond Dart ń kọ́ni nípa ẹ̀yà ara ènìyàn ní Yunifásítì Witwatersrand, èyí tí ó fi Braamfontein ní Johannesburg ṣe ibùjókòó. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di yunifásítì ní 1922 ni, ohun èlò ẹ̀ka Dart kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ó rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti máa wá egungun tí ó ti di òkúta. Ọ̀kan nínú wọn, Josephine Salmons, rí agbárí ìnàkí kan nínú ilé ọ̀rẹ́, ó sì mú un wá. Bí Dart ṣe tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun ní Taung nìyẹn, tí òkúta mìíràn fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń hun aṣọ ni ó pọ́n, tí ó fi ń ha òkúta náà díẹ̀díẹ̀ títí ojú ọmọ ẹ̀dá àtijọ́ kan fi yọ. Nígbà tí ó kéde rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1925, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé London kò gbà. Agbárí Piltdown ni wọ́n gbójú lé, èyí tí àyẹ̀wò tú fó ní 1953 pé ayédèrú ni.

Owó kọ́ ni ó jẹ́ ìṣòro àkọ́kọ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1982, ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Púpọ̀ nínú wọn kò kúrò nínú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ṣe ohun tí àpótí wọ̀nyẹn kò ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ń ro oko olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ ni, kò kẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè ni ó yẹ kí ó ṣáájú ọwọ́. Bí Dart kò bá ti béèrè egungun, ohun ọ̀ṣọ́ ilé lásán ni agbárí náà ì bá jẹ́ lójú Salmons. Kí olùkọ́ rẹ ìṣápá pupa sínú omi gbígbóná, kí ó bù ú sí ife méjì, kí ó sì bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, kí wọ́n da omi eérú sí èkejì. Àwọ̀ tí ó yí padà lójú wọn kò ní í kúrò lọ́kàn wọn.

Àwọn alábẹ̀wò náà jẹ̀bi. Ìwé àkọsílẹ̀ olùkọ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í bi ọmọ léèrè ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọmọ tí wọ́n sọ àyẹ̀wò fún, tí kò ṣe é rí, ìtàn ni ó gbọ́. Kò tíì kẹ́kọ̀ọ́.